Wàláà Mi Tí Áàfáà Kò Fọ̀

Òórùn làfún ló máa ń jí wa nílé wa ní Igbó-Ọrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Ìbàràpá, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí: ó kan, ó ń gún nímú, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ni. Kí oòrùn tó yọ, àwọn ìyá wa á ti ru ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀ nínú omi lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé láti sá a. Àwa ọmọ, ilé kéwú là ń forí lé. Níbẹ̀, kálukú ló ní wàláà tiẹ̀ lára ògiri, pákó pẹlẹbẹ tí Áàfáà ń kọ ẹsẹ Kùránì sí. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n kà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn.

Mo mọ kéwú, ẹ jẹ́ n fọ́nnu díẹ̀. Àfi bí Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, ṣe ṣubú ní abà oko wọn lọ́nà ìlú Tápà, tí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ máa pọnmi fún wọn. Gbogbo òjò ọdún yẹn, abà ni mo wà.

Nígbà tí mo padà délé, Rábí ọ̀rẹ́ mi ti fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn. "Áàfáà á dá ẹ padà sáàárín àwọn ọmọ álífù ni o," ló wí, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Yéè! Kí n wá bá àwọn tó ń fọwọ́ nu ikun jókòó? Ojú ń tì mí bí ẹni tó jalè, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Tí ìyá mi bá ti ní kí n máa lọ, mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ jókòó sórí àpáta títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi ṣíwọ́. Bí mo ṣe ń sá ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i. Ìyá mi mọ̀, wọn ò bá mi jà. Wọ́n á kàn máa wí bí ẹni ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ pé, "Ìgbà téèyàn bá jí ni òwúrọ̀ ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yọ sórí àpáta, ta ni mo rí? Áàfáà fúnra wọn, pàṣán lọ́wọ́!  Mo ní ó ti parí.

"Mọnsúrá, kí lò ń wò? Bá mi lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí làfún ìyàwó mi!"

Mo sáré lé e. Wọ́n nu òógùn, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń fi rìn, Áàfáà."

"Àlùhámdùlílàhì. Ó yá, jẹ́ ká máa lọ."

Ó tán. Wọn ò bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi wá. Nígbà tá a dé ilé kéwú, wọ́n yọ wàláà kan lẹ́yìn àwọn tó kù. Temi ni. Wọ́n ti fọ ti Rábí láìmọye ìgbà, àmọ́ ẹsẹ tí mo fi sílẹ̀ ṣì wà lára temi. Áàfáà fẹ́ eruku orí ẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ibi tó o dé rèé. Kà á."

Mo kà á. Mo kọsẹ̀ níbì kan, wọ́n gbè mí, mo ń bá a lọ. Ara mi fúyẹ́, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, Rábí ń wò mí.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi gúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Kùránì tí mo máa ń kà lẹ́yìn ìrun àsùbá dáwọ́ dúró. Ara wọn yá, mi ò padà síbẹ̀. Mo ń gbálẹ̀ tó mọ́, mo ń tẹ fóònù, mi ò jẹ́ wo orí àpótí tí mo gbé e sí. Àgbà ti dé, mo tún wà lórí àpáta!

Láàárọ̀ yìí, aládùúgbò wa sá làfún. Òórùn yẹn gba ojú fèrèsé wọlé, mo bú sẹ́rìn-ín lémi nìkan. Ọmọ ọjọ́un, torí ewúrẹ́ tó lé ló fi dé ilé kéwú. Èmi tòní ò rí ewúrẹ́ kankan lé. Mo gbé Kùránì sọ̀kalẹ̀, òwú tí mo fi sàmì ṣì wà láàárín ẹ̀. Mo fẹ́ eruku orí ẹ̀, mo ní, "Mọnsúrá, ibi tó o dé rèé."

Mo sì kà á.