Kúbúrátù Gbé Kámẹ́rà Méjì Kọ́rùn

Kúbúrátù kì í lè ya ènìyàn ní fọ́tò láìrẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lè lejú koko bí ẹni tí wọ́n jí ní adìyẹ, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni ẹ̀rín ń pa. Àwọn ará títì Okere ní Warri mọ̀ ọ́n sí i. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀" láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á ní, "Madam Foto don get customer."

Ọmọ Ṣakí ni bàbá rẹ̀, Alhaji Bàdírù, tí ó ti ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Igbudu kí wọ́n tó bí i. Yorùbá Òkè-Ògùn ni wọ́n ń sọ nílé, Píjìn ni wọ́n ń sọ níta, Kúbúrátù sì pò wọ́n pọ̀ bí ẹni po gàrí mọ́ ṣúgà. Bàbá fẹ́ kí ó jókòó ti abọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Iléyá kan tí fọtogíráfà wá ya gbogbo ìdílé wọn, ọkàn ọmọbìnrin náà bá kámẹ́rà lọ, kò sì padà mọ́. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó gba fíríìdọ̀mù, ó ra kámẹ́rà àlòkù kan tí ó wúwo bí ọmọ ọlọ. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, a dún "kaṣá!" Ìró yẹn dùn létí rẹ̀ ju orin lọ.

Èyí tí ó tún dùn mọ́ ọn jù ni ìrètí. Bí ó bá ya fíìmù tán, tí ó gbé e lọ sí láàbù kí wọ́n fọ̀ ọ́, kò ní í lè jẹun dáadáa títí yóò fi lọ gbà á. Bí wọ́n bá sì fún un, kò lè gbé e délé. Ẹ̀bá títì níbẹ̀ ni yóò ti ya àpòòwé, tí yóò máa fò sókè, tí àwọn ọlọ́kadà yóò máa pariwo mọ́ ọn pé kí ó kúrò lójú ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀, Ishaq, a máa ní nígbà tí àwọn ń retí Fawziyyah, àkọ́bí àwọn, pàápàá, ara Kúbúrátù kò wà lọ́nà tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí ìjà Warri rọlẹ̀ díẹ̀ ni kámẹ́rà dígítà dé sáàárín wọn. Mo ní ó rọlẹ̀, n kò ní ó tán. Ṣọ́jà ṣì wà ní oríta, òfin kónílé-ó-gbélé ṣì ń lé ènìyàn wọlé bí adìyẹ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé ìbọn sì wà káàkiri inú odò. Àárín gbogbo èyí ni ẹgbẹ́ fọtogíráfà ti pín sí méjì. Àwọn tí ó la ìjà ìlú já láìbá ẹnikẹ́ni jà wá ń fa ara wọn láṣọ ya lórí kámẹ́rà. Àwọn kan ní fíìmù ti di òkú. Àwọn kan ní dígítà kì í ṣe kámẹ́rà rárá, ohun ìṣeré ọmọdé ni.

Olórí àwọn onídígítà ni Mojọlá, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti Kúbúrátù. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọ̀rẹ́ tí kì í ṣíwọ́ asọ̀.

Mojọlá ní, "Ìyá Fawziyyah, láàbù ti ń tilẹ̀kùn kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbà wo lo máa fọ fíìmù? Tèmi rèé, mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, mo ti rí i."

Kúbúrátù dáhùn pé, "O ti rí i, kí ló wá kù tó o máa retí? Fọ́tò tí kò ní nẹ́gátíìfù, ọmọ tí kò ní ìdodo ni!"

"Ìdodo ni wọ́n fi ń ríran?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú àwọn méjèèjì. Ẹ̀yìn náà ni Mojọlá bọ́ dígítà rẹ̀ lọ́rùn, ó fi kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní, "Gbé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ tó ń bọ̀. Ohunkóhun tó o bá fi tìrẹ yà, fi tèmi náà yà á. Tó o bá dé, ojú ara wa la máa fi wò ó."

Iṣẹ́ tí ó ń bọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ Ìlàjẹ, ló wá bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀, Akíndúró, ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní abúlé ẹlẹ́ja kan, béèyàn bá ti kọjá Ugbuwangue lójú odò. Ó ti gbẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tán, wọ́n sì fẹ́ tì í sómi. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun rí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti funfun.

Olúwaṣìkẹ́mi ní, "Àǹtí, Bàámi ní ojú tí ẹja ti mọ̀, kí ni ìwé tún fẹ́ fi í ṣe. Àmọ́ nítorí ọkọ̀ yìí, ó gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó yí ọkàn padà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Kúbúrátù dé etí odò Ugbuwangue pẹ̀lú kámẹ́rà méjì láyà bí ẹni pọn ìbejì síwájú. Zachariah, awakọ̀ ojú omi tí ó máa gbé e lọ, wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Madam, if you fall for water, which one I go first save?" Kúbúrátù ní kí ó kọ́kọ́ yọ òun ná, nítorí òun kò mọ omi í wẹ̀ rárá. Ó fi ẹ̀rín wọ ọkọ̀, ó fi ẹ̀rù jókòó, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí títí wọ́n fi dé.

Bàbá Akíndúró ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn, ó dán, òórùn igi tútù ń tú lára rẹ̀. Bàbá náà ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán bí òpó, ó sì fajú ro bí ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Kúbúrátù fi fíìmù yà á, kaṣá. Ó fi dígítà yà á, kò tilẹ̀ dún dáadáa. Ó pààrọ̀ ibi ìdúró, ó tún fi méjèèjì yà á. Bàbá kò mira.

"Bàámi, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀," ni Olúwaṣìkẹ́mi ń bẹ̀ ẹ́.

"Kí ló pa mí lẹ́rìn-ín?"

Kúbúrátù ti ń sún mọ́ ìparí fíìmù rẹ̀, ẹyọ kan péré ló kù nínú rẹ̀. Ó bọ́ dígítà lọ́rùn, ó gbé e fún bàbá náà kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí ó ti ń fajú ro. Bàbá sún un mọ́ ojú, ó sún un jìnnà, ó tún sún un mọ́ ojú.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kọ́!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Bàbá mi nìyí! Ṣìkẹ́mi, wá wo bàbá bàbá rẹ! Bó ṣe máa ń fajú ro nìyí bí ẹja bá já mọ́ ọn lọ́wọ́!"

Ẹ̀rín bá gbé e. Ó kọ́kọ́ mi èjìká rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sí ikùn, ó dé orúnkún. Bàbá arúgbó náà fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, eyín méjì tí ó kù ń dán nínú oòrùn, dígítà Mojọlá ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kúbúrátù kò mọ ìgbà tí òun gbé ọmọ ọlọ òun sójú. Kaṣá! Fíìmù tán.

Ṣé ẹ mọ bí ó ti máa ń rí bí ènìyàn bá gbá bọ́ọ̀lù tí ó sì mọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé àwọ̀n pé ó ti wọlé? Bẹ́ẹ̀ ló rí lára rẹ̀. Ó fò sókè, ó ta ẹrẹ̀ sára. Gbogbo abúlé tú jáde, wọ́n ti ọkọ̀ sómi pẹ̀lú ariwo, ó sì fi dígítà ya ìyẹn títí tí ọwọ́ fi ń ro ó.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Zachariah ń sá eré nítorí kónílé-ó-gbélé. Ibi tí odò gbé yí sẹ́yìn igbó ẹ̀gbà, igi tí ń hù nínú omi, ni ọkọ̀ kan ti yọ sí wọn, ẹ́ńjìnì méjì ní ìdí, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin nínú rẹ̀, aṣọ pupa lápá, ìbọn lọ́wọ́. Zachariah pa ẹ́ńjìnì, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù lábẹ́ èémí. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Kúbúrátù.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí ó wọ dígí dúdú, nawọ́ sí kámẹ́rà méjèèjì. Ó ní ta ló rán an. Ó ní oníròyìn kan ti yà wọ́n rí, ṣọ́jà sì gbé fọ́tò náà wọ ilé ìyá òun. Láti ọjọ́ náà, òun kò fẹ́ rí fíìmù lójú odò mọ́. Ó nawọ́ sí kámẹ́rà ńlá náà.

"Open am. Comot the film."

Kúbúrátù fi ọwọ́ méjèèjì bo kámẹ́rà náà, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù tí wọn kò tíì fọ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀, kò rò ó tẹ́lẹ̀. "Oga, abeg! Na Papa Akíndúró dey inside. If you open am, light go chop Papa!"

"Light go chop Papa?" Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà tún un sọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Papa wey dey carve boat?"

Kúbúrátù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà sọ pé ọwọ́ Papa yẹn ni bàbá òun àgbà ti ra ọkọ̀, inú ọkọ̀ náà ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Leave Papa. Wetin dey for the small one?"

Kúbúrátù ṣàlàyé pé kò sí fíìmù nínú èyí rárá. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sísàlẹ̀, wọ́n ń wá ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wá fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń yà á, bí wọ́n ṣe ń wò ó, àti bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ tí yóò fi dà bí ẹni pé kò wáyé rí.

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan fi ohùn kékeré béèrè pé ṣé ó lè ya àwọn, kí àwọn rí i, kí àwọn sì pa á rẹ́? Ó ti pẹ́ tí òun ti rí ara òun gbẹ̀yìn.

Kúbúrátù ní òun lè ṣe é.

Ha, ẹ ò bá rí wọn! Wọ́n ń de bọ́tìnnì, wọ́n ń fi omi odò pa irun mọ́lẹ̀, wọ́n ń du ibi ìdúró. Bí Kúbúrátù ti gbé kámẹ́rà sójú báyìí, ẹ̀rù fò lọ, fọtogíráfà títì Okere ló kù. "You, raise your chin! No, no too much. You wey stand for back, drop that gun, e dey put shadow for your face!" Ọmọkùnrin náà sì gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá wí. Bí wọ́n bá ti yà wọ́n, gbogbo wọn á rọ́ wá wò ó, ọkọ̀ méjèèjì á máa mì, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó gbé ìbọn sílẹ̀ wo ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "I fine o." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìyanu kan fún.

Nígbà tí ó tó, ọ̀gá wọn gba kámẹ́rà, ó ní ọwọ́ òun fúnra òun ni yóò pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lọ wàì, àwọn ọmọkùnrin, ọkọ̀ tuntun, ìfajúro Bàbá Akíndúró, abúlé tí ó ń pariwo.

"Yéè!" ni Kúbúrátù ké.

Ojú ti ọkùnrin náà díẹ̀. Ó béèrè pé ṣé Papa ṣì wà nínú kámẹ́rà ńlá? Kúbúrátù ní ó wà. Ọkùnrin náà ní kí ó kí Papa fún òun, wọ́n tan ẹ́ńjìnì, wọ́n sì wọ inú igbó lọ.

Zachariah la ojú kan. "Madam," ó ní, "na you tell person wey carry gun make e raise chin?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín láti ibẹ̀ dé Ugbuwangue kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀ nìkan. Ẹ̀rù tí kò rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí láàbù ṣílẹ̀kùn, òun ló kọ́kọ́ wọlé. Nígbà tí ó gba àpòòwé, kò ya á lẹ́bàá títì bí ìṣe rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Mojọlá ló bá lọ, kí àwọn méjèèjì lè jọ rí i. Bàbá arúgbó yọ nínú ìwé náà tòun ti eyín méjì, ẹ̀rín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Mojọlá gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Tèmi wá ńkọ́? Kí ló yà?"

"Tìrẹ ló pa bàbá lẹ́rìn-ín," ni Kúbúrátù sọ. "Òun náà ló gbà wá lọ́wọ́ ìbọn. Àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń ṣe bí ọ̀gá yẹn ti ṣe, ó ń gbé àgbọ̀n sókè. Mojọlá ní òun kò tún ní í yá a ní kámẹ́rà mọ́ láéláé. Kí ọdún tó parí, Kúbúrátù ti ra dígítà tirẹ̀. Ó ń fi í ya pásípọ́ọ̀tù àti ọmọ ìkókó, ṣùgbọ́n kò yéé ra fíìmù. Bí ẹgbẹ́ bá pé jọ, àwọn onífíìmù á ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àwọn onídígítà á ní ará àtijọ́ ni, òun á sì máa rẹ́rìn-ín láàárín wọn.

Olúwaṣìkẹ́mi ní kí wọ́n fọ fọ́tò bàbá rẹ̀ ní ńlá, wọ́n fi dígí sí i, òun àti Kúbúrátù sì jọ gbé e lọ fún un. Bàbá Akíndúró gbé e lé itan. Ó wò ó pẹ́. Wọ́n ń retí kí ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún ro.

"Ọmọ mi," ó ní fún Kúbúrátù, "wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yìí lẹ́yìn mi. Ó wọ́! N kò fi ojú mi rí i láti ọjọ́ yìí wá. Àṣé ó wọ́!"

Ó gbé fọ́tò náà fún ọmọ rẹ̀, ó dìde, ó ní kí wọ́n bá òun wá àáké òun. Ó ní igi kan wà lẹ́yìn ilé tí òun ti ń wò lójú tipẹ́ fún ọkọ̀ mìíràn.