Ẹni Tó Yẹ Omi Àna Wò

Yéè! Bàbá Bùkọ́lá, ọkọ mi, ẹni tí kì í jẹ́ kí n pè lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Mo pè yín lọ́jọ́ Ajé títí ohùn mi fi há, ẹ ò jẹ́ mi. Ṣé ó ti wá dìgbà náà nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ní kíláàsì pé ohun kan kì í ṣòfò láyé, pé ńṣe ló ń pààrọ̀ ara. Mo ń wá ohun tí ẹ pààrọ̀ sí, mi ò tíì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, kí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lè gbọ́, bí ẹ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù mi. Tíṣà kẹ́mísírì lẹ jẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, nígbà tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣì wà ní tuntun. Ẹ wá sí Akaka, abúlé wa, láti fojú han àwọn òbí mi. Wọ́n gbé omi fún yín bí a ti í ṣe fún àlejò. Ẹ gba ife, ẹ fa bébà búlúù pélébé kan yọ lápò, ẹ tì í bọnú omi! Bébà náà pọ́n. Ẹ ní, “Ẹ̀yin òbí mi, omi yìí kan díẹ̀.” Bàbá mi fò dìde: “Ṣé májèlé la bù fún ọ ni? Ó yá, máa lọ!” Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Olóríkunkun ọkọ mi! Ẹlòmíràn ì bá wá ìyàwó lọ síbòmíràn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹ tún gun alùpùpù yín dé, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ tọrọ àforíjì. Bàbá mi ò wo apá ibi tí ẹ wà. Lẹ bá gba ilé ìdáná ìyá mi lọ. Ẹ ti bébà bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó pọ́n. Ẹ tún tì í bọ omi eérú, ó padà di búlúù. Ìyá mi pàtẹ́wọ́: “Háà, bébà yìí ní ahọ́n!”

Ẹ mú ìyá mi lọ sódò. Lókè odò, bébà ò yí padà. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn ibi tí àwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sí, ó pọ́n, àwọn ẹja kéékèèké sì léfòó. Ibẹ̀ gan-an la ti ń pọn omi mímu. Ẹ ní, “Omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ níkùn.” Ẹ̀gẹ́ ìyá mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá mi ká aṣọ wọn sókè, wọ́n wọdò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀gẹ́ wọn jáde.

Kò pẹ́ tí gbogbo abúlé fi gbẹ́ kòtò jìnnà sódò, tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn bu omi fún yín, wọ́n ní, “Yẹ̀ ẹ́ wò, kó dá mi lójú.” Bébà ò yí padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jáde wá kí ọkọ mi.

Láti ìgbà náà, kò sí omi tí mo bù nílé tí ẹ kò yẹ̀ wò. Màá ní, “Ṣé èmi náà ti bu májèlé?” Ẹ̀rín lẹ máa ń rín.

Níkẹyìn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ṣàgámù, omi Akaka lẹ ní ẹ fẹ́ mu. Àbúrò mi lọ pọn ọ́n wá. Mo bù ú, mo sì fa bébà yọ lápò yín, mo nà án sí yín. Ẹ ti ọwọ́ mi sẹ́yìn, ẹ ní, “Ọwọ́ rẹ ni mo ti gbà á.” Ẹ mu ún tán.

Bébà tó kù wà lọ́wọ́ Bùkọ́lá. Ẹ sùn re o, ọkọ mi.