Orí Ìṣó Kì Í Yọ Nínú Iṣẹ́ Mi

Ojú mi ló ṣe. Kì í ṣe pé ẹnì kan wá ròyìn fún mi. Ojú mi méjèèjì ló rí i, láti ọjọ́ tí mo gé pákó àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí ọkùnrin kan fọwọ́ pa á tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àjáh, pákó kan ṣì wà lára ògiri níbẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Pírámárì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ìlàsàn dé Lákọ̀wé, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn tí kì í dún. Àwọn tó kàwé títí tí irun wọn fi re, "Ọ̀gá" ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti sọ fún mi pé káfíńtà tó bá jẹ́ kí aráyé rí orí ìṣó nínú iṣẹ́ òun, ìhòòhò ló rìn wọ ọjà. N kò rìn ín rí.

Ilẹ̀kùn ni mo lọ tún ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Ìlàsàn tí mo fi bá àwọn méjèèjì pàdé: ọkùnrin kan tí kò ríran, àti obìnrin kan tó ríran. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n. Omi kànga ni wọ́n ń wádìí, nítorí iyọ̀ òkun ti ń wọ inú kànga àwọn èèyàn, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tó dé. Obìnrin náà máa ń ya ohun tí wọ́n bá rí sínú kọ̀ǹpútà, ìlà tó ń gòkè, ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti ọkùnrin náà máa ń sọ̀rọ̀. Ó ń ka ìwé sí i létí kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àmọ́ tó bá ti dé ibi àwòrán, ó di odi.

"Kí ló ní?" ni mo bi í.

"Ó ní 'àwòrán'." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Láti àárọ̀ ló ti ń sọ fún mi pé àwòrán ni. Kò tíì sọ pé àwòrán kí ni."

"Ṣé èmi kì í ṣàlàyé fún yín ni?" ni obìnrin náà wí.

"Ẹ máa ń ṣàlàyé ohun tí ẹ̀yin rí, Àǹtí. Èmi náà fẹ́ rí tèmi."

Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, pé n ó ṣe ohun tí àwọn méjèèjì á jọ máa kà, ọ̀kan á fojú kà á, ọ̀kan á fọwọ́ kà á. Gbogbo kọ̀ǹpútà wọn kò rí i ṣe, èmi ni mo ṣe é. Pákó méje, tí mo fi rándà fá títí ó fi ń dán, tí mo lu ihò sí lórí ìlà kan tó gún. Kànga kan, pákó kan. Ọ̀sẹ̀ kan, ihò kan. Ìṣó ni wọ́n á máa kàn sínú ihò.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kan ìṣó náà?" N kò béèrè ìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà kò sọ. Ẹni tó mọ̀wé máa ń rò pé ohun tó wà lórí òun ti wà lórí gbogbo èèyàn.

Ẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ pé bí omi bá ṣe níyọ̀ tó ni wọ́n ń jẹ́ kí ìṣó ga tó. Obìnrin náà á ki mítà tó ń wọn iyọ̀ bọ omi, á pe ohun tó rí, ọkùnrin náà á fọwọ́ wọn ìṣó, á sì kàn án. Kànga karùn-ún wà nínú ọgbà ibi tí mo ń gbé, nítorí náà mo máa ń rí wọn. Mo rí ìṣó kan tó ga, èkejì tó kúrú, ẹ̀kẹta tó tún ga. Ojú tì mí. Mo sọ nínú ara mi pé afọ́jú ló ń lo òòlù, kí ni èèyàn fẹ́ rí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín kàn án," ni mo wí lọ́jọ́ kan.

"Rárá o, káfíńtà. Tí ẹ̀yin bá kàn án, gbogbo ẹ̀ á dọ́gba."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ara rẹ̀ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí òjò dé, omi ya wọ ọ́fíìsì wọn. Kọ̀ǹpútà mumi, ìwé tí obìnrin náà ń kọ nǹkan sí di ẹ̀kọ. Pákó tèmi léfòó. Ìṣó kan ṣoṣo kò yẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ọ̀gá, pákó yín nìkan ni ìwé tó kù fún wa." Láti ọjọ́ náà, orí pákó nìkan ni wọ́n ń kọ nǹkan sí. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn káàkiri Àjáh.

Lẹ́yìn ogójì ọ̀sẹ̀, wọ́n kó pákó méjèèje wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí n ṣe ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi dúró. Wọ́n tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì mi. Ọkùnrin náà na àtẹ́lẹwọ́ láti èkíní dé èkeje, ó padà, ó tún na án. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò wọ́n, ó sì dìde lójijì. Mo rí i. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń ké, mo sì ń la pákó, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo rò pé wọ́n ń yin iṣẹ́ mi ni. Ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ní: "Iyọ̀ yìí ń rìn. Tó bá kúrò ní kànga kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dé èyí tó tẹ̀ lé e." Ojú obìnrin náà ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí, kò rí i. Ọwọ́ ló rí i.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọkùnrin náà dì mí lápá mú. "Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ gbé mi lọ sídìí tẹlifóònù, kí n máa sọ pé 'ẹ dúró díẹ̀' títí n ó fi kú. Wọ́n ní afọ́jú kò lè ṣe sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Tí wọ́n bá rí pákó yìí, mo bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin náà pè mí lórí fóònù. Mo ti ṣe ẹsẹ̀ pákó márùn-ún, ó ku méjì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fíníṣì àwọn pákó yẹn kí àlejò tó dé."

Ẹsẹ̀ méjì tó kù ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà èyíkéyìí ohun tí fíníṣì jẹ́. Mo rò pé wọ́n ti kà á tán, pé àlejò ló kù tó fẹ́ wò ó. Mo lu gbogbo orí ìṣó wọlé. Mo fi pútì dí ojú wọn, mo fi sáńpépà fá a, mo kùn ún ní fáníṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án. O lè wo ojú ara rẹ nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, mo fi kẹ̀kẹ́ kó wọn dé ọ́fíìsì. Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn mi, ó na ọwọ́.

"Èwo lèyí?"

"Kànga kìíní," ni mo wí.

Ó pa á lọ, ó pa á bọ̀. "Káfíńtà, ó dán."

"A dúpẹ́, Ọ̀gá."

"Ó dán jù. Ìṣó mi dà?"

"Wọ́n wà nínú. Orí ìṣó kì í yọ nínú iṣẹ́ mi."

Kò bú mi. Ì bá bú mi. Obìnrin náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé, ìṣó gíga, ìṣó kúkúrú. Mo ní kí wọ́n fún mi ní pínsásì, n ó fà wọ́n sókè padà.

"Ẹ ó fà wọ́n sókè dé ibo?" ni ọkùnrin náà bi mí.

Àwọn àlejò dé. Obìnrin náà fẹnu sọ ohun tó rántí. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà fi tirẹ̀ hàn wọ́n, ó sì dúró ti pákó tó mọ́lẹ̀ kedere, ó ń fọwọ́ pa á. Ọ̀kan nínú wọn ní pákó náà dára, ìyàwó òun lè máa gé àlùbọ́sà lórí ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ṣe é, n kò sì sọ.

Wọn kò lè tún un wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá, mítà kò lè padà lọ bá a. Kànga inú ọgbà wa ti níyọ̀ báyìí, a ò mọ ọ̀sẹ̀ tó wọlé. Ìdí tẹlifóònù ni ọkùnrin náà wà. Mo pe ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti bẹ̀ ẹ́. Ó mọ ohùn mi. Ó ní, "Ẹ dúró díẹ̀."

Ohun tó ṣòfò nìyí. Pákó méje. Ogójì ọ̀sẹ̀. Igba ìṣó ó lé ọgọ́rin. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan.