Epo Pupa Lára Ilẹ̀kùn Mẹ́fà

Òórùn epo pupa ló kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, nínú ilé oníyàrá mẹ́fà tí a ti háyà yàrá kan ní Itamaga. Kì í ṣe òórùn epo tó ń yọ́ lórí iná. Epo tútù ni, ẹnì kan ti fi ìka mẹ́ta fà á sára àtẹ́rígbà wa àti férémù méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ilẹ̀kùn márùn-ún yòókù.

Alhájà onílé wa jáde pẹ̀lú kẹ́tù àlùwàlá lọ́wọ́, ó rí i, ó figbe ta: "Aúsù bílláhì! Ta ló ń rúbọ sẹ́nu ọ̀nà mi?"

Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa yọjú. "Alhájà, pẹ̀lú bí epo ṣe wọ́n tó yìí? Olúwarẹ̀ ì bá kúkú fi se ọbẹ̀."

Àpótí tí mo fi ń jókòó dáná ni mo rí nídìí ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Mo bá wo ọwọ́ àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méje: epo ṣì wà ní ìka rẹ̀. Mo gbá a létí kí n tó bi í léèrè, n kò sì tíì dárí ìyẹn ji ara mi.

Ó sunkún títí, ó ní, "Màámi, àkọ́bí ni mí. Tíṣà ní áńgẹ́lì pa gbogbo àkọ́bí ilé tí kò sí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. A ò ní ẹ̀jẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí kò fi jẹun láti ìgbà tí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá òun gan-an ni mo kọ́kọ́ bí, àfi bíi pé ìdáhùn mi lè yí padà.

Mo lọ bá tíṣà àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ike ní Agric.

"Bó ṣe wà nínú Bíbélì ni mo ṣe kọ́ wọn, mà," ló wí. "Ìdájọ́ òdodo ni."

"Òdodo? Ṣé ẹ kà á débi àkọ́bí ẹrúbìnrin tó wà nídìí ọlọ? Ọba Íjíbítì ló ṣagídí. Ẹrú tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàfin, kí ni ọmọ tiẹ̀ ṣe?"

"Mà, ẹ má bá Ọlọ́run jiyàn."

"Ẹ̀yin ni mò ń bá jà!" Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà lọ sílé, mo mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́.

Nígbà tí mo ń fi ọṣẹ fọ ilẹ̀kùn, mo bi ọmọ mi ìdí tó fi kun ti àwọn ẹlòmíràn. Ó ní, "Àkọ́bí ni ọmọ-ọmọ Alhájà. Mi ò mọ àwọn tó kù, mo bá gun àpótí, mo kun gbogbo ẹ̀."

Ọmọ tí ẹ̀rù ikú ń bà ni o, kò sì fo ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ka ibẹ̀ yẹn, tí gbogbo èèyàn ń pariwo Halelúyà, ẹnu mi kì í là. Ẹrúbìnrin ìdí ọlọ yẹn ni mo máa ń rò, àti pé kò sẹ́ni tó gbé àpótí dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.