Ọpọlọ Ọkọ̀ Bàbá Ashraf

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ èrò ọkọ Ràódàt wá sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní àdúgbò Sibang, obìnrin náà kì í fẹ́ẹ́ gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Agbégilódò ló gbá ọkọ̀ náà lójú títì Ntoum, ọkọ rẹ̀, bàbá Ashraf, sì kú sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí lẹ́nu aládùúgbò.

Ashraf, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Ràódàt, tún lọ ra tokunbọ̀ irú kan náà láti fi ṣe takisí. Kò pẹ́ tó fi ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ìrìn. Charbel, rewaya tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ọmọ Kútọnu tó wà ní àdúgbò Rio, tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa àpótí pẹlẹbẹ kan jáde.

"Ọpọlọ ọkọ̀ nìyí. Òun ló ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu. Omi ti bà á jẹ́, orí rẹ̀ ti dàrú."

"Bí i tìẹ," Ashraf ní.

"Tèmi ń bọ́ mi. Wá òmíràn, ṣùgbọ́n má fojú rà á, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó bá èyí mu. Lẹ́tà ìparí nìkan ló lè yàtọ̀: bó bá ga ju tìrẹ lọ, èyí tí wọ́n tún ṣe ni, ó dáa jù."

Wọ́n wá a títí dé Awendjé, kò sí. Ni Ashraf bá mú sípánà, ó wọ ẹ̀yìnkùlé. Nọ́ńbà ọpọlọ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ bá a mu régí, lẹ́tà rẹ̀ sì ga jù.

"Màmá," Charbel ní, "ọkọ̀ yìí gbẹ̀mí. Ẹ ṣe sàráà kí n tó fọwọ́ kàn án."

Kò sí rewaya gidi tí kò mọ èèwọ̀ yẹn. Ràódàt din àkàrà, ó pe àwọn ọmọ àdúgbò, àlùfáà ṣàdúrà. Charbel tí kì í ṣe mùsùlùmí ló jẹ jù.

"Àdúrà yín dùn," ó ní, "ata ló pọ̀."

Ó de ọpọlọ náà mọ́ ọkọ̀ Ashraf, ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ashraf fẹ́ lọ kó èrò ní Ntoum, àyà Ràódàt kò balẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó tì í.

"Màámi, níbo?"

"Ibi tí o bá ń lọ."

"Kí làwọn èrò máa wí?"

"Kí wọ́n wí pé ọmọ màmá ni ẹ́."

Wọ́n ti ń sọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó wá túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún Ràódàt tó padà sọ́kàn rẹ̀. Ọlọ́pàá náà ní ṣe ni ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ dúró gbagidi láàárín títì kí agbégilódò tó dé. Kí ló dá a dúró? Wọ́n ti ṣe sàráà nítorí ikú, ẹnikẹ́ni ò yẹ ọpọlọ náà wò bóyá ó yè.

Ẹ́ńjìnnì húkọ́.

"Ashraf, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Màámi, kò sí nǹkan—"

"Mo ní kí o yà."

Ó yí sítíárì. Táyà kò tíì wọ koríko tán tí ẹ́ńjìnnì fi kú pátápátá. Agbégilódò kan ré kọjá lẹ́yìn wọn tòun ti ìtì igi gbàǹgbà, atẹ́gùn rẹ̀ mi ọkọ̀ jìgìjìgì. Ashraf yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò jí.

Ràódàt ń wo títì tó ṣófo.

"Agbégilódò kọ́ ló pa bàbá rẹ," ó wí. "Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn."