Ọmọ Tí Ìjọ Rán Lọ sí Yunifásítì

Ìwé dé láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iléṣà pé ọkọ mi ni alága ìkórè lọ́dún náà. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá tì í bọ abẹ́ rédíò. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Owó kan ṣoṣo tó wà nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni èyí tí mo rán aṣọ kó jọ, kí n lè fi ra fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló rán ọkọ mi lọ sí yunifásítì, mi ò sì lè sọ pé oore kékeré ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni, oko kókó ni bàbá tiẹ̀ fi dógò kó tó rówó kàwé. Owó oṣù ọ̀rẹ́ náà, gbèsè orí oko ló ń bá lọ, kò sì tíì rí oko náà gbà padà. Ti ọkọ mi, àkọ́kọ́ tó gbà, odidi ló gbé wálé. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló fi rà. Ṣùgbọ́n kò sí ìkórè, kò sí páànù tí wọ́n fẹ́ kàn sórí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn ò ní kọ́kọ́ pè é. Lójú wọn, ẹni tó ti yunifásítì jáde ti là. Wọn ò mọ̀ pé owó olùkọ́ ò jáde láti oṣù mẹ́ta.

"Ẹ sọ fún wọn pé kò sówó," mo ní.

"Ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́?"

Lọ́jọ́ ìkórè, a wọkọ̀ ní Old Garage, ọmọ lẹ́yìn mi, owó fọ́ọ̀mù mi lápò ọkọ mi. Inú ń bí mi títí a fi dé Iléṣà. Nínú ìsìn, mo jókòó, mo dìde, mo ní ọmọ ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ọmọ ń sùn.

Alàgbà kan pe ọkọ mi síwájú. "Ọmọ tí a rán nìyí o. Ẹ wò ó bó ṣe sanra."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń tọwọ́ bàpò, ìyá arúgbó kan wá dì mọ́ ọn. "Owó epo tí mo tà nígbà náà wà nínú owó tí a fi rán ọ lọ," ìyá náà sọ. "Mi ò jẹ́ sọ fún ọ, kó má dà bíi pé mo ń bèèrè nǹkan."

Inú tó ń bí mi rọ̀. Ọkọ mi kó gbogbo owó náà sínú àwo.

Ṣùgbọ́n inú mi tó rọ̀ ò ní ra fọ́ọ̀mù. Bí ìsìn ṣe parí, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú alàgbà yẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń rán ìyàwó náà lọ sílé ìwé?"

Ó wo èmi àti ọmọ ẹ̀yìn mi. "O ò ní máa wo ilẹ̀ bíi ti ọkọ rẹ, bá a bá ti pè ọ́ fún owó?"

"Rárá, sà. Bí mi ò bá lówó, màá sọ."

"Ẹnu ẹ mú o. Kọ lẹ́tà wá, màá gbé e fún ìgbìmọ̀." Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀ tá à ń bọ̀, ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi pe ọkọ mi ní alága, tó mú dání láti ilé, ni mo ń kọ lẹ́tà náà sí.

"O mọ̀ pé bí wọ́n bá gbà," ọkọ mi ní, "àwa méjèèjì ni wọn yóò máa pè?"

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi gbé ọmọ."

Ọkọ̀ ń gbọ̀n, ìlà mi ń wọ́, mi ò dúró.