Agboolé Wo?

Agbowó n'Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gọ́tà. Ṣakí ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n ọdún Iléyá nìkan ló máa ń gbé mi débẹ̀. Ìbàdàn ni mo mọ̀. Mo mọ ibi tí omi ti máa ń dí ọ̀nà ní Bódìjà bí òjò bá rọ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn ní Ring Road. Mo fẹ́ràn ìlú náà, ìfẹ́ náà sì máa ń bí mi nínú, torí n kì bá ka ìdọ̀tí rẹ̀ sí ká ní kì í ṣe tèmi.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì tí n kò ríṣẹ́, màmá mi ní kí n lọ bá àbúrò àwọn l'Ékòó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Bódìjà ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí mo bá rí iṣẹ́ yẹn, n ò ní kúrò nílùú. Ohun tí mò ń gbàdúrà fún kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ nígbà tí wọ́n ní:

"Ọmọ ibo tilẹ̀ ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìbàdàn ni mí, sà."

"Ẹ̀hẹ́n! Tiwa ni! Agboolé wo?"

Àwọn ọmọ onílé àtijọ́ ló ń ní agboolé, ilé bàbá-ńlá wọn ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjàaba. Ilé rẹ́ǹtì là ń gbé ní tiwa. Kí n tó ronú, ó ti bọ́ lẹ́nu mi:

"Agbowó, sà."

Ọ̀gá wo akọ̀wé wọn, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Agbowó ti di agboolé! Ṣé lanlọ́ọ̀dù yín ni bàbá-ńlá ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ṣakí ni àwọn òbí mi..."

"Ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáa, a máa pè ẹ́."

Wọn ò pè mí. Èmi ni mo pe akọ̀wé náà. "Àbúrò mi, gbàgbé ẹ̀," ló wí. "Ọmọ agboolé ọ̀gá ni wọ́n gbà."

Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo pàdánù nìkan ló dùn mí. Ní Ṣakí, bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, "Àwọn ará Ìbàdàn ti dé!" ni wọ́n máa ń wí. Ìbàdàn wá ní ará Ṣakí ni mí. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n tì jáde nílé, tí kò sì mọ ilẹ̀kùn ibòmíràn tí yóò kàn.

Màmá mi sìn mí dé gáréèjì Challenge, níbi tí mo ti fẹ́ wọkọ̀ Èkó.

"Ẹnì kan ló kù! Èkó! Arẹwà, wọlé, ìwọ la ń dúró dè!" ni agbèrò ń pariwo. Irọ́ ni. Àga tó ṣófo kún inú ọkọ̀, a sì jókòó sínú ooru títí. Bàbá kan tó jókòó nítòsí mi fọwọ́ bo imú nítorí òkìtì ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ìlú ráuràu! Ọ̀bùn ni gbogbo wọn!"

Òótọ́ ni ìdọ̀tí náà ń rùn. Èmi gan-an ti bú u jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ n ò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú Ìbàdàn lójú mi."

Wọ́n yíjú sí mi. "Èmi tí mò ń bú u, ọmọ onílé ni mí. Ìwọ tó ń gbèjà ńkọ́? Agboolé wo?"

"Agbowó," ni mo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àwọn èrò yòókù sì bá wọn rín in. Lọ́tẹ̀ yìí, n ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú.

Ọkọ̀ ṣí. Màmá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìdọ̀tí náà, wọ́n ń juwọ́ sí mi. Mò ń wo àwọn àti òkìtì náà títí n ò fi rí ọ̀kankan mọ́.